Orúkọ Tí Wọ́n Yá: Bí $250 Ṣe Di $2,250 Nínú Ìbò Méyọ̀ New York

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ṣírò. Ká ní lọ́dún 2021, oníṣòwò kan ní $10,000 lọ́wọ́, ó sì fẹ́ kí olùdíje kan di méyọ̀ ìlú New York. Òfin ìlú náà kò gbà á láyè kó fún un ju $2,000 lọ. Tó bá fún un ní $2,000 náà, tí ilé rẹ̀ sì wà láàárín ìlú, ìlú á fi $2,000 kún un, torí $250 àkọ́kọ́ nìkan ló máa ń fi mẹ́jọ mẹ́jọ lé, ó tán. Olùdíje ti rí $4,000, oníṣòwò á sì kó $8,000 tó kù padà sápò. Ṣùgbọ́n ká ní ó wá ogójì ènìyàn tó ń gbé nínú ìlú, òṣìṣẹ́ rẹ̀, àna rẹ̀, awakọ̀ rẹ̀, ó wá fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní $250 pé kí wọ́n lọ fi orúkọ ara wọn dá a. $10,000 yẹn kan náà ni. Àmọ́ dọ́là mẹ́jọ mẹ́jọ ni ìlú máa fi ti dọ́là kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn, ìyẹn $80,000. Olùdíje ti di olówó $90,000, orúkọ oníṣòwò wa kò sì sí níbì kankan nínú ìwé.

Inú ìṣirò yìí ni ọ̀ràn Eric Adams, tó wọlé sípò méyọ̀ New York nínú ìbò 2021, ti ṣẹ̀. Ẹni tó bá ka ìròyìn nígbà tó ń gbóná á rántí tíkẹ́ẹ̀tì bàálù, yàrá hòtẹ́ẹ̀lì olówó ńlá ní Istanbul, àti ilé alájà 36 tí ìjọba Tọ́kì kọ́ síwájú oríkò Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé. Ọ̀rọ̀ bàálù máa ń dùn ún sọ, mo mọ̀. Lójú tèmi, fọ́ọ̀mù pélébé tí olùdáwó ń kọ orúkọ sí ni ojú ọ̀ràn. Níbi tí ìjọba bá ti ń fi mẹ́jọ lé orí ẹyọ kan, orúkọ ènìyàn ti níye lórí ju owó ọwọ́ rẹ̀ lọ, ohun tó bá sì níye lórí, àwọn kan á fẹ́ rà á, àwọn kan á fẹ́ yá a.

Bí owó ìlú ṣe wọ inú ìbò

Ìtìjú ló bí òfin náà. Lọ́dún 1986, àṣírí tú pé àwọn èèkàn olóṣèlú ń gba rìbá lórí iṣẹ́ kongílá gbígba owó ìtanràn lọ́wọ́ àwọn tó gbé mọ́tò síbi tí kò yẹ. Donald Manes, tó jẹ́ olórí àgbègbè Queens, wà lára àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kàn, ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ gba ẹ̀mí ara rẹ̀ ní oṣù Kẹta ọdún náà. Inú bí àwọn ará ìlú. Ní 1988, Ed Koch tó jẹ́ méyọ̀ nígbà náà buwọ́ lu òfin owó ìbò, àwọn olùdìbò sì fi ìbò wọn gbé àjọ tó máa ṣọ́ ọ kalẹ̀ ní oṣù Kọkànlá. Campaign Finance Board ni wọ́n ń pè é. Ìgbìmọ̀ ni n ó máa pè é níbí kó má baà gùn jù. Ẹni márùn-ún ló ń jókòó nínú rẹ̀: méyọ̀ ló ń yan méjì, olórí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìlú ló ń yan méjì, méyọ̀ ló sì ń yan alága lẹ́yìn tó bá ti bá olórí ilé fikùn lukùn. Ẹ fi èyí sọ́kàn.

Èrò wọn nígbà náà kò ṣòroó yé. Bí olùdíje bá lè rówó láti ọwọ́ ìyá aláta, olùkọ́ àti awakọ̀ takisí, kò ní nílò kó máa wojú àwọn tó ń kọ́ ilé ńláńlá. Ìlú á sọ dọ́là kékeré di ńlá. Ìbò 1989 ni wọ́n kọ́kọ́ fi dán an wò, dọ́là kan fún dọ́là kan, ọdún náà sì ni David Dinkins di ènìyàn dúdú àkọ́kọ́ tó máa jẹ́ méyọ̀ New York. Nígbà tó yá wọ́n sọ ọ́ di mẹ́rin fún ẹyọ kan, ó di mẹ́fà, ní oṣù Kọkànlá 2018 àwọn olùdìbò gbà pé kó di mẹ́jọ.

Kò pọn dandan fún olùdíje láti wọ inú ètò náà. Michael Bloomberg, olówó ńlá tó ti jẹ́ méyọ̀ rí, kò wọ̀ ọ́ rí, owó ara rẹ̀ ló ná, ti 2009 nìkan ju 100 mílíọ̀nù dọ́là lọ. Ẹni tí kò bá jẹ́ Bloomberg á wọ̀ ọ́. Ní 2021, olùdíje sípò méyọ̀ tó bá wọ inú ètò mẹ́jọ fún ẹyọ kan kò gbọdọ̀ gbà ju $2,000 lọ lọ́wọ́ ẹnì kan. $250 àkọ́kọ́ látọwọ́ ẹni tó ń gbé nínú ìlú nìkan ni ìlú máa ń fi mẹ́jọ lé. Kó tó rí kọ́bọ̀ gbà, ó ní láti kọ́kọ́ kó $250,000 irú owó bẹ́ẹ̀ jọ, látọwọ́ ó kéré tán 1,000 ènìyàn ìlú náà. Kò gbọdọ̀ ná ju $7,286,000 lọ nínú ìbò abẹ́lé. Kò gbọdọ̀ gba owó lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́. Ẹni tó ń bá ìjọba ìlú ṣòwò kò gbọdọ̀ fún un ju $400 lọ, ìlú ò sì ní fi nǹkan kan kún irú owó bẹ́ẹ̀. Owó tútù lọ́wọ́ ẹnì kan kò gbọdọ̀ kọjá $100. Lórí gbogbo èyí ni òfin ìjọba àpapọ̀ jókòó lé, tó ní ọmọ ilẹ̀ òkèèrè tí kò ní ìwé ìgbé-ayé títí láé kò gbọdọ̀ dá owó fún ìbò kankan ní Amẹ́ríkà, ìbáà jẹ́ ti ààrẹ, ìbáà jẹ́ ti káńsílọ̀ àdúgbò.

Fọ́ọ̀mù náà ńkọ́? Ẹni tó fẹ́ dáwó á kọ orúkọ, àdírẹ́sì, iṣẹ́ tó ń ṣe àti ẹni tó gbà á síṣẹ́. Á wá buwọ́ lu ọ̀rọ̀ kan tó ní: owó ara mi ni, ẹnikẹ́ni ò ní dá a padà fún mi, kì í sì í ṣe pé wọ́n yá mi. Gbólóhùn mẹ́ta yìí ni gbogbo ètò náà gbẹ́kẹ̀ lé. Ìlú ò lè wọ yàrá lọ wo ẹni tó ń ki owó bọ ènìyàn lápò. Ìbúwọ́lùwé nìkan ló rí.

Ẹni tó bá ti dá èésú rí kò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ irú eléyìí. Ẹnì kan á ní òun fẹ́ ọwọ́ méjì, àwọn yòókù á ní rárá o, ọwọ́ kan lẹ́nì kan. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, orúkọ àbúrò rẹ̀ á ti wọ inú ìwé, àbúrò tí ẹnikẹ́ni nínú ẹgbẹ́ ò tíì fojú rí rí. Ìyá ẹgbẹ́ á mọ̀, á fojú fò ó. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé owó àwọn ọmọ ẹgbẹ́ náà ni wọ́n ń gbà pín fúnra wọn. Owó orí gbogbo ará ìlú ni ti New York.

Ọkùnrin náà àti ìbò rẹ̀

Ọmọ Brooklyn ni Adams. Ó ṣe ọlọ́pàá fún ọdún 22, ó di sẹ́nétọ̀ ìpínlẹ̀, ó sì di olórí àgbègbè Brooklyn ní 2014. Nígbà tó díje dupò méyọ̀ ní 2021, ìbò abẹ́lé ẹgbẹ́ Democrat ni ìjà wà, nítorí ẹni tó bá wọlé níbẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wọlé tán. Ọjọ́ 22 oṣù Kẹfà ni wọ́n di í, olùdìbò kọ̀ọ̀kan sì lè to olùdíje márùn-ún tẹ̀ léra. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ bíi méjì tí wọ́n fi ń ka ìbò ni wọ́n tó rí i pé Adams ló fi ìbò tó lé díẹ̀ ní 7,000 ju Kathryn Garcia lọ. Ní ìlú tí èrò inú rẹ̀ ju mílíọ̀nù mẹ́jọ lọ! Mo mẹ́nu ba àlàfo yìí nítorí àwọn kan máa ń sọ pé owó kékeré kò jẹ́ nǹkan kan, pé kò lè yí ìbò padà. Àpapọ̀ owó ìlú tí ìpolongo Adams gbà lọ́dún náà ju mílíọ̀nù 10 dọ́là lọ.

Ní ọjọ́ 7 oṣù Karùn-ún ọdún yẹn, ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí ìbò abẹ́lé, ilé-iṣẹ́ ìkọ́lé kan ní Brooklyn ṣe ìkówójọ fún un. Ènìyàn 84 ló dáwó, $69,720 ló wọlé. Lójú ìwé, kò sí nǹkan tó burú níbẹ̀, bí ọwọ́ ṣe máa ń yá ènìyàn ni. Ṣùgbọ́n àwọn kan lára àwọn tó dáwó, òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ náà ni wọ́n, ọ̀gá wọn ló sì dá owó náà padà fún wọn. Ọ̀gá yìí, ọmọ Tọ́kì tó ti di ará Amẹ́ríkà, gbà níwájú adájọ́ ní oṣù Kìíní 2025 pé òun jẹ̀bi. $18,000 ni owó tó gbà láti san padà. Òun fúnra rẹ̀ sọ pé òun mọ̀ pé kò bófin mu. Ní oṣù Kẹjọ, wọ́n fi í sábẹ́ ìṣọ́ fún ọdún kan, kò ṣẹ̀wọ̀n.

Mo ti gbọ́ tí àwọn kan ń sọ pé kí ni $18,000 nínú mílíọ̀nù 10. Ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ ń ka owó náà bí ẹni ka owó ọjà. Olówó kan tó ní òṣìṣẹ́ mẹ́wàá tí gbogbo wọn ń gbé nínú ìlú lè fi orúkọ wọn fa $20,000 jáde lápò ìlú, yàtọ̀ sí owó tó fi síwájú. Òṣìṣẹ́ náà ńkọ́? Ta ló fẹ́ sọ fún ọ̀gá rẹ̀ pé òun ò ní buwọ́ lùwé?

Ṣáájú ti ọ̀gá yìí, ti àwọn mẹ́fà kan ti wáyé. Ní oṣù Keje 2023, agbẹjọ́rò àgbègbè Manhattan, Alvin Bragg, pe àwọn ènìyàn mẹ́fà lẹ́jọ́ pé wọ́n fi orúkọ àyálò dáwó fún ìpolongo kan náà kí owó ìlú lè wọlé. Ọ̀gá ọlọ́pàá tó ti fẹ̀yìn tì, ojúlùmọ̀ Adams, ló ṣáájú wọn, ó sì gbà ní oṣù Kejì 2024 pé òun jẹ̀bi. Bragg kò fẹ̀sùn kan Adams rárá. Nígbà yẹn, bí ọ̀rọ̀ àwọn onítara tó kọjá àyè wọn ló rí.

Ọjọ́ tí wọ́n kan ilẹ̀kùn

Àárọ̀ ọjọ́ 2 oṣù Kọkànlá 2023 ni ọ̀rọ̀ yí padà. Àwọn FBI wọ ilé ọ̀dọ́bìnrin ọmọ ọdún 25 tó jẹ́ olórí ìkówójọ fún Adams, ní Brooklyn. Adams ti dé Washington lọ́jọ́ náà, ó fẹ́ bá ìjọba àpapọ̀ sọ̀rọ̀ lórí àwọn àtìpó tó ń ya wọ ìlú rẹ̀. Kò dúró. Ó yí padà sílé kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, àwọn FBI dá a dúró lójú pópó nígbà tó ń ti òde kan bọ̀, wọ́n sì gba fóònù ọwọ́ rẹ̀.

Fóònù tó ń lò fún ara rẹ̀ kò sí lára èyí tí wọ́n gbà lọ́jọ́ náà. Nígbà tó kó o wá, ó ti tì pa. Ohun tí ìwé ẹ̀sùn sọ pé ó sọ ni pé òun ti yí nọ́ńbà tó ń ṣí i padà láti mẹ́rin sí mẹ́fà, kí àwọn ọmọ iṣẹ́ òun má baà pa nǹkan inú rẹ̀ rẹ́, pé òun sì ti gbàgbé nọ́ńbà tuntun náà. N kò ní sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ lórí èyí. Ẹ ti gbọ́.

Ó gbà wọ́n ní oṣù mẹ́wàá mìíràn. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹsàn-án 2024, Damian Williams, agbẹjọ́rò ìjọba àpapọ̀ ní Manhattan, ṣí ìwé ẹ̀sùn ojú ewé 57 sílẹ̀. Ẹ̀sùn márùn-ún: ìdìtẹ̀, jìbìtì, ẹ̀sùn méjì pé ó béèrè owó ìbò lọ́wọ́ ọmọ ilẹ̀ òkèèrè, àti rìbá. Kò sí méyọ̀ New York mìíràn ní ìgbà tiwa tí ìjọba àpapọ̀ fẹ̀sùn kàn nígbà tó ṣì wà lórí oyè. Lọ́jọ́ kejì, ó sọ ní kóòtù pé òun ò jẹ̀bi.

Ti bàálù àti ilé gogoro náà rèé ní kúkúrú: wọ́n ní láti ìgbà tó ti wà ní Brooklyn ló ti ń gba ìrìn-àjò ọ̀fẹ́ tàbí ẹ̀dínwó láti ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ Tọ́kì, iye rẹ̀ ju $100,000 lọ, nígbà tó sì di oṣù Kẹsàn-án 2021, ó fúngun mọ́ àwọn panápaná pé kí wọ́n jẹ́ kí ilé kọ́ńsúlétì tuntun náà ṣí kí Ààrẹ Erdoğan ti Tọ́kì tó dé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ètò ìdáàbòbò iná ilé náà kò tíì pé. Agbẹjọ́rò Adams, Alex Spiro, ní kí ni ẹ̀bi níbẹ̀: bàálù tí àyè ṣófo máa ń gbé èrò síwájú, òṣèlú sì máa ń bá aráàlú pe òṣìṣẹ́ ìjọba. Ó tó àríyànjiyàn, torí ilé ẹjọ́ gíga jù lọ Amẹ́ríkà ti dín ohun tí wọ́n ń pè ní rìbá kù gan-an ní oṣù Kẹfà ọdún náà. Ká ní ẹjọ́ náà dé iwájú àwọn ìgbìmọ̀ adájọ́, ẹ̀sùn rìbá ni ì bá ṣòro jù fún ìjọba láti fìdí rẹ̀ múlẹ̀.

Ẹ̀sùn jìbìtì yàtọ̀, òun ló jẹ́ ti owó ìbò gan-an. Ohun tí ìjọba sọ ni pé Adams àti àwọn ènìyàn rẹ̀ gbà kí àwọn olówó ilẹ̀ òkèèrè àti àwọn onílé-iṣẹ́ tí òfin dí lọ́nà gba ẹ̀yìn ọmọ Amẹ́ríkà tó yá wọn lórúkọ wọlé, tí ìpolongo sì wá kó orúkọ wọ̀nyẹn lọ bá Ìgbìmọ̀ pé kó fi mẹ́jọ mẹ́jọ lé wọn. Ẹ wo bí wọ́n ṣe gbé e kalẹ̀: ìlú New York ni wọ́n lù ní jìbìtì. Ẹni tó ní $2,000 tiẹ̀ kò pàdánù nǹkan kan, òun ló fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Adams ní irọ́ ni, òun kì í ṣe irú ẹ̀, òun máa ń pàṣẹ fún àwọn òṣìṣẹ́ òun kí wọ́n tẹ̀ lé òfin. Ó fi kún un pé nítorí òun bá ìjọba Biden jà lórí ọ̀rọ̀ àtìpó ni wọ́n ṣe dojú kọ òun.

Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, wọ́n mú òṣìṣẹ́ ìjọba ìlú kan tó jẹ́ alárinà láàárín ọ́fíìsì méyọ̀ àti àwọn Mùsùlùmí. Wọ́n ní ó sọ fún àwọn tó yá orúkọ pé kí wọ́n purọ́ fún FBI. Òun náà gbà nígbẹ̀yìn, ní oṣù Kẹjọ 2025, pé òun mọ̀ nípa ìyánilórúkọ níbi ìkówójọ kan ní 2020.

Ẹjọ́ parẹ́

Ìjọba Washington yí padà ní oṣù Kìíní 2025. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kejì, Emil Bove, tó ń ṣe igbákejì olórí ilé-iṣẹ́ ìdájọ́ fún ìgbà díẹ̀, pàṣẹ kí wọ́n gbé ẹjọ́ náà jù sílẹ̀. Kò sọ pé ẹ̀rí kò tó. Ó ní ẹjọ́ náà ń dí méyọ̀ lọ́wọ́ láti ran ìjọba lọ́wọ́ lórí ọ̀rọ̀ àtìpó àti ìwà ọ̀daràn. Ó sì fẹ́ kí wọ́n fà á sẹ́yìn lọ́nà tí wọ́n fi lè tún gbé e wá lọ́la.

Danielle Sassoon, tó ń dipò agbẹjọ́rò ìjọba ní Manhattan, kò gbà. Ààrẹ Trump ló fi í síbẹ̀, kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú Adams. Ní ọjọ́ 13 ó kọ̀wé fipò sílẹ̀. Agbẹjọ́rò tó darí ẹjọ́ náà gan-an, Hagan Scotten, tẹ̀ lé e, ó sì kọ ọ́ sínú lẹ́tà rẹ̀ pé wọ́n lè rí òmùgọ̀ kan tàbí ojo kan tó máa bá wọn fi ìwé náà sílẹ̀ ní kóòtù, àmọ́ kì í ṣe òun. Àwọn mìíràn ní Washington náà kọ̀wé fipò sílẹ̀. Wọ́n rí ẹni buwọ́ lù ú nígbẹ̀yìn.

Adájọ́ Dale Ho kò kánjú. Ó ní kí agbẹjọ́rò àgbà kan láti ìta, Paul Clement, wá gba òun nímọ̀ràn. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin ó fagi lé ẹjọ́ náà pátápátá, kò sì jẹ́ kí ìjọba rí ààyè gbé e wá mọ́. Ìdí tó fi ṣe bẹ́ẹ̀ lárinrin. Tí ẹjọ́ bá ṣì lè padà wá, gbogbo ìgbà tí méyọ̀ bá ṣe ohun tó wu Washington ni àwọn ará ìlú máa rò pé ó ń fi ra òmìnira ara rẹ̀ ni. Ó kọ ọ́ sínú ìdájọ́ pé gbogbo nǹkan tó wà nílẹ̀ ń rùn bí ìdúnàádúrà, pé kí wọ́n fagi lé ẹjọ́ kí wọ́n sì rí ìrànlọ́wọ́ gbà lórí ọ̀rọ̀ àtìpó. Ṣùgbọ́n adájọ́ ò lè fi túláàsì mú agbẹjọ́rò ìjọba láti ro ẹjọ́ tí kò fẹ́ rò mọ́. Kò sọ pé Adams jẹ̀bi, kò sọ pé kò jẹ̀bi.

Báyìí ni ọ̀gá ilé-iṣẹ́ ìkọ́lé ṣe di ọ̀daràn lórí $18,000, tí ìpolongo tó gba owó náà sì ń lọ láìsí ẹjọ́ lọ́rùn.

Ìgbìmọ̀ ò gbàgbé

Ọ̀pọ̀ ìròyìn parí síbi kóòtù. Ẹni tó bá dúró síbẹ̀ ti pàdánù apá tó kọ́ni jù.

Adams fẹ́ lọ lẹ́ẹ̀kejì ní 2025, ó sì ti béèrè owó ìlú lẹ́ẹ̀kan sí i. Ní ọjọ́ 16 oṣù Kejìlá 2024, nígbà tí ẹjọ́ ṣì wà nílẹ̀, Ìgbìmọ̀ jókòó, ó ní rárá. Owó tó dúró de Adams nígbà náà ju mílíọ̀nù mẹ́rin dọ́là lọ. Ẹ rántí ẹni tó ń yan àwọn ará Ìgbìmọ̀.

Ohun tí òfin ń béèrè lọ́wọ́ Ìgbìmọ̀ yàtọ̀ sí ti kóòtù. Agbẹjọ́rò ìjọba ní láti fi hàn láìsí iyèméjì kankan pé ẹ̀ṣẹ̀ wáyé. Ti Ìgbìmọ̀ ni pé kó ní ìdí tó mọ́gbọ́n dání láti gbà pé ìpolongo kan ti tẹ òfin lójú. Owó ìlú kì í ṣe ẹ̀tọ́ bí òmìnira ṣe jẹ́ ẹ̀tọ́, ẹni tó bá ń béèrè rẹ̀ ló ní láti fi hàn pé ó tọ́ sí òun. Nítorí náà, nígbà tí Adájọ́ Ho fagi lé ẹjọ́, tí Adams sì yára sọ pé ìdí tí wọ́n fi dí òun lọ́nà ti kúrò nílẹ̀, Ìgbìmọ̀ ní kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn ìwé táwọn béèrè kò tíì dé. Àwọn ìbéèrè táwọn kọ sí ìpolongo kò rí èsì tó yẹ.

Ìbéèrè wọ̀nyẹn kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ìpolongo ni Ìgbìmọ̀ máa ń yẹ ìwé wọn wò lẹ́yìn ìbò, tó wọlé o, tó fìdí rẹmi o, ọ̀kan lára ohun tó sì máa ń wá ni ẹni tó kó owó jọ wá látọwọ́ àwọn ẹlòmíràn. Òfin ò ní kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ má ṣe iṣẹ́ rẹ̀, kí wọ́n ṣáà kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Nínú ìpolongo 2021, Ìgbìmọ̀ rí àwọn ìkówójọ tí owó wọn wọlé lọ́jọ́ kan náà, tó jọ pé ọwọ́ ẹnì kan ló ti wá, tí kò sì sí orúkọ olùkójọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ó kọ̀wé béèrè, ó tún béèrè. Iṣẹ́ akọ̀wé ni èyí, iṣẹ́ fáìlì àti ìwé ìrántí, iṣẹ́ tí kò sí ẹni tó máa ya fọ́tò rẹ̀. Òun ló sì wá ká Adams mọ́.

Ó gbé Ìgbìmọ̀ lọ sí kóòtù. Ní oṣù Keje 2025, Adájọ́ Nicholas Garaufis ní Brooklyn dá Ìgbìmọ̀ láre. Láàárín àkókò náà, Adams ti kúrò nínú ìbò abẹ́lé Democrat, ó ní òun á dá dúró láìsí ẹgbẹ́. Ó ṣì ń rí owó gbà lọ́wọ́ àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀, ó wulẹ̀ jẹ́ pé dọ́là kan di dọ́là kan lọ́wọ́ rẹ̀, kò di mẹ́sàn-án mọ́. Àwọn alátakò rẹ̀ ń gba mílíọ̀nù.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé òun nìkan ni Ìgbìmọ̀ ń ṣọ́. Ní oṣù Karùn-ún ọdún kan náà, ó dá owó tó lé ní $600,000 dúró lọ́wọ́ Andrew Cuomo, gómìnà tẹ́lẹ̀ rí, torí ó fura pé ìpolongo rẹ̀ gba ọ̀nà ẹ̀yìn sọ fún ẹgbẹ́ àwọn olówó kan ohun tó yẹ kí wọ́n polówó. Irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ lè ná iye tó bá wù wọ́n, bí wọn ò bá ti bá olùdíje sọ ọ́. Ibi tí mo ti ń fi òfin yìí rẹ́rìn-ín nìyẹn: olùkọ́ ilé-ìwé ò lè kọjá iye tí òfin là sílẹ̀, ẹgbẹ́ olówó lè ná mílíọ̀nù 20, ohun tó ya àwọn méjèèjì ni ìfọ̀rọ̀wérọ̀ lórí fóònù. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn nìyẹn ṣá.

Ọjọ́ 28 oṣù Kẹsàn-án 2025, ọjọ́ Àìkú, Adams gbé fídíò kan síta. Ó jókòó lórí àtẹ̀gùn ilé, ó ní òun ti jáwọ́. Nínú ohun tó dárúkọ pé ó ṣe é, ọ̀kan ni mílíọ̀nù owó tí Ìgbìmọ̀ kọ̀ láti fún un. Ó ku ọ̀sẹ̀ márùn-ún péré sí ìbò, wọ́n sì ti parí ètò ìwé ìbò. Nígbà tí àwọn ará New York dé ibi ìdìbò ní ọjọ́ 4 oṣù Kọkànlá, tí wọ́n yan Zohran Mamdani, orúkọ Eric Adams ṣì wà lórí ìwé náà láàárín àwọn yòókù, tó dúró gbọnin, tí kò sí ẹnì kankan lẹ́yìn rẹ̀ mọ́.